Alága Tó Fẹ́ Fi Okùn Fa Oòrùn Wọlé

Èmi ò mọ nǹkan kan o. N kì í ṣe òṣèlú, n kì í ṣe oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún mi kò sì ju kí n mọ ìgbà tí omi tíì bá hó lọ. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló yẹ àga mọ́ Alága Todoroki nídìí, n ó ní n ò mọ̀. Ohun tí gbogbo Kurotani rí lèmi náà rí. Ohun tí wọ́n ń sọ nílé ìwẹ̀ gbígbóná, níbi tí oníkálukú ti bọ́ṣọ tí kò sì sí ọ̀gá láàárín wọn mọ́, lèmi náà gbọ́. Etí ò ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé, kó lọ bá Nezu Koichi, akọ̀wé Alága. Òun ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, orí nílẹ̀, ìdí lókè, ó ń tẹríba.

Kurotani, ìlú kan ní ilẹ̀ Japan, wà létí òkun, lápá ibi tí ìkùukùu máa ń wá sùn tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Òwe àwọn baba ibẹ̀ ni pé bí o bá gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán sílé, má gbàgbé agbòjò. Tó bá wá di ìgbà òtútù, òjò dídì á máa já bọ́, àrá á máa sán láàárín rẹ̀, oòrùn á sì di àlejò pàtàkì. Ọjọ́ tó bá yọjú, kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́. Kíá, gbogbo ilé á ti gbé fútọ́n jáde, ibùsùn òwú tí wọ́n fi ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á fi kọ́ ọ̀pá, wọ́n á máa fi igi pẹlẹbẹ lù ú pò, pò, pò, títí eruku á fi bẹ̀bẹ̀. Ìyàwó ilé tí oòrùn bá yọ tí kò sá fútọ́n, ìyá ọkọ rẹ̀ á sọ ọ́ lẹ́nu débi tí òkun parí sí.

Orúkọ ní í ro ọmọ. Todoroki, lédè ibẹ̀, ìró tó ń kù rìrì bí àrá ni. Ọkùnrin náà sì kù lóòótọ́. Ọjọ́ tó gorí àga ló ti ń wá ibi tí yóò gbé ohùn rẹ̀ sí, nítorí ẹnu nìkan kò gbà á. Ojú rẹ̀ lọ sára àwọn gbohùngbohùn orí òpó, èyí tí wọ́n rì mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú láti fi kìlọ̀ bí ilẹ̀ bá mì tìtì tàbí tí òkun bá ru. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, orin kékeré kan ni wọ́n fi ń dán an wò, orin tó jẹ́ pé bó bá ti dún, ọmọdé á gbé bọ́ọ̀lù, á kọrí sílé. Alága ní orin náà ò ní làákàyè. Ó yọ ọ́, ó fi ohùn ara rẹ̀ dípò.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ máa lọ sílé. Èmi Alága yín ni mo wí bẹ́ẹ̀.”

Bí ẹni pé tí kò bá sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ò ní mọ̀ pé ó yẹ kóun ṣú. Ó tún gba ti òjò sílẹ̀: “Òjò ń rọ̀. Ẹ ṣí agbòjò.” Ó gba ti oòrùn náà: “Ẹ̀yin ará ìlú mi, oòrùn ti yọ. Ẹ má jáfara. Ẹ gbé fútọ́n yín jáde, ẹ sá a, ẹ lù ú dáadáa. Èmi Alága yín ni mo wí bẹ́ẹ̀.” Iṣẹ́ Nezu ni láti yẹ ojú ọ̀run wò láràárọ̀, kó sì tẹ bọ́tìnnì tó bá a mu.

Nezu yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti sin alága mẹ́ta, kò sì sí èyí tó lé e. Òfin kan ló fi ń jẹun: sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan, sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, má sì tún un sọ. Bí wọ́n bá gbọ́, o di ọlọ́gbọ́n. Bí wọn ò bá gbọ́, o kúkú ti sọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló wà láyé tí òfin yìí ò ràn, ohun náà sì ni Màmá Ikue, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà. Láràárọ̀, Màmá Ikue àti àwọn àgbàlagbà ìlú máa ń kóra jọ sí Yàrá Gúúsù nílé ìlú, níbi tí ìjọba ìlú ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá náà wà ní ìpele tó bá ilẹ̀ dọ́gba, fèrèsé rẹ̀ tóbi bí ògiri, ìwọ̀nba oòrùn tí Kurotani bá sì rí lọ́dún, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé. Wọ́n á jókòó sórí tìmùtìmù, wọ́n á na ẹsẹ̀ sójú oòrùn, wọ́n á máa bó ọsàn kéékèèké jẹ, wọ́n á máa fọ ìlú sí wẹ́wẹ́. Àwọn orúnkún tí oníṣègùn ti gbé ọwọ́ lé orí fún, oòrùn yẹn ló ń bá wọn tọ́jú.

Ọ́fíìsì Alága ńkọ́? Àríwá ló kọjú sí. Tó bá ṣí fèrèsé, ilé ìgbẹ́ ọjà ẹja ló ń wò.

Ìgbà tó yá, Alága lọ sí Tokyo fún àpérò kan tí kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é sí. Níbẹ̀ ló ti rí ẹ̀rọ kan níbi àtẹ ìpàtẹ. Wọ́n á gbé e sórí òrùlé, ó dà bí igbá dígí tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, awò tó kún inú rẹ̀ á máa yíjú tẹ̀ lé oòrùn bí ajá tó ń wo ẹni tó mú eegun lọ́wọ́. Bí awò bá ti kó ìmọ́lẹ̀ jọ, á dà á sínú okùn dígí tín-ín-rín bí okùn ìwọ̀ ẹja, okùn á gba inú ògiri lọ, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán á sì tú jáde níbi tó bá wù ẹ́, ì báà ṣe inú ihò òkété. Ohun rere ni. N ò bá ẹ̀rọ jà. Ẹni tó ra ẹ̀rọ ni ká máa wò.

Bó ti dé, ó pe ìpàdé.

“Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka,” ló wí, ó sì dìde bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, “láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ti ń jáde lọ pàdé oòrùn. Ìtìjú gbáà ni. Ta ni oòrùn, tí àwa yóò fi máa tọ̀ ọ́ lọ? Láti òní lọ, ní Kurotani, oòrùn ni yóò máa wọlé wá kí wa.”

Hanyu, olórí ẹ̀ka iṣẹ́ òde, ti fa áńkáṣíìfù yọ. Ọkùnrin yìí lè sunkún tí wọ́n bá ka iye ìgò omi tó kù ní yàrá, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé Alága ló kà á.

“Alága,” Hanyu wí, omijé ń bọ́, “ó dùn mí pé bàbá mi ti kú, tí kò gbọ́ gbólóhùn yìí.”

“Bí oòrùn bá wá lè gba inú okùn lọ síbi gbogbo,” Alága ń bọ́rọ̀ lọ, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan kékeré, “kí làwọn àgbàlagbà wa tún ń fi fèrèsé ńlá ṣe? Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣófo. Ẹ jẹ́ ká fi oòrùn ìgbàlódé dá wọn lọ́lá níbẹ̀. Èmi, nítorí ìrẹ̀lẹ̀, n ó fara mọ́ Yàrá Gúúsù àtijọ́ yẹn.”

Ẹ rí i? Gbogbo ìrìn àjò ìmọ́lẹ̀ yẹn, láti ọ̀run wá sórí òrùlé, láti orí òrùlé wọ inú okùn, torí kí ọkùnrin kan má baà máa wo ilé ìgbẹ́ ni.

Nezu tẹríba. “Alága, ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà lára wọn. Orúnkún ń dùn ún.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” Alága wí. “Ìdílé yín náà á wọ ìtàn.”

Nezu ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò tún un sọ.

Àwọn àgbàlagbà kò dákẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bá Alága, Màmá Ikue ló ṣáájú pẹ̀lú ọ̀pá.

“Alága, a ò sọ pé ká má tẹ̀síwájú o,” ló wí. “Àwa náà fẹ́ ọ̀làjú. Orúnkún wa ni kò tíì là. Ẹ jẹ́ kó máa jókòó síbi tó mọ̀.”

Alága gbé ọwọ́ lé àyà. “Màmá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára ṣinṣin. A ó gbé e yẹ̀ wò, pẹ̀lú ojú tó kọjú síwájú.”

“Síwájú ibo?” Màmá Ikue bi í.

“Síwájú ni, Màmá.”

Bí wọ́n ti ń jáde, ìyá arúgbó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko wá sí ìlú ń yọ̀ pé ó gbọ́ tiwọn. Màmá Ikue yí padà sí i. “Ọmọ mi ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tipẹ́. ‘A ó gbé e yẹ̀ wò’, wọ́n ti sin ín nìyẹn. ‘Pẹ̀lú ojú tó kọjú síwájú’, koríko ti hù lórí ibojì rẹ̀. Lọ palẹ̀ tìmùtìmù rẹ mọ́.”

Onímọ̀ ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ rán wá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Tatebe, wo ojú ọ̀run Kurotani títí, ó tún wo Alága.

“Ẹ̀rọ yìí, oòrùn gangan ló ń jẹ, Alága,” ló wí. “Tí ohunkóhun bá ti bò ó lójú, kò ní rí nǹkan fà. Awò náà tún máa ń sẹ́ ooru kúrò, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kọjá. Pé kẹ́ ẹ ṣí i ní oṣù òtútù, fún àwọn àgbàlagbà tí òtútù ń mú… ó le díẹ̀.”

Níbẹ̀, tí ọmọlúàbí bá sọ fún ẹ pé ó le díẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé kò lè ṣe é ṣe láéláé, gbé ẹrù rẹ kó o máa lọ. Gbogbo ọmọ Kurotani ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Alága náà mọ̀ ọ́n, nítorí òun náà ń lò ó fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n agbe kì í gbọ́ igbe ara rẹ̀.

“Ohun tó le díẹ̀ ni àwọn akọni ń ṣe,” ló wí. “Hanyu, ṣé o gbọ́?”

“Ó gún mi lọ́kàn,” Hanyu wí, ó ti ń wá áńkáṣíìfù.

Alága wá pàṣẹ èyí tó ga jù nínú gbogbo àṣẹ rẹ̀. Òrùlé ilé ìlú yìí, ibẹ̀ ni àwọn tó ń gbé nínú àwọn yàrá ìjọba lókè ilé, ìdílé Alága náà kò gbẹ́yìn, ti ń sáṣọ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Alága ní kí wọ́n hú gbogbo ọ̀pá ìsáṣọ wọn dànù, ó ní àwọ̀tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ bá ìtàn dúró lójú kan. Ó wá ní kí wọ́n fi irin ọlọ́wọ̀ yí igbá dígí náà ká, kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ wúrà, kó ga dé àyà ènìyàn, kí ó sì dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́.

Tatebe wo irin náà. “Alága, irin yìí… ó wù ènìyàn láti gbé nǹkan kọ́ díẹ̀.”

“Ògo ni wọn ó máa gbé kọ́ ọ,” Alága dáhùn.

Báyìí làwọn àgbàlagbà ṣe wọ abẹ́ ilẹ̀. Ká má purọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, ìmọ́lẹ̀ dé lóòótọ́. Ó rọra bọ́ láti ẹnu okùn, ó ṣe róbótó lórí ẹní, ó funfun, ó mọ́, kò rí bíi ti iná mànàmáná rárá. Màmá Ikue na ọwọ́ sí i, ó sì pe Nezu.

“Koichi, wá gbé ọwọ́ sí i.”

“Mo ti gbé e sí i, Màmá.”

“Ṣé ó gbóná?”

“Kò gbóná.”

“Wọ́n sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ẹ̀wà sóyà,” ló wí. “Omi tó ṣeé ṣe tófù, wàrà sóyà, ti lọ sọ́dọ̀ Alága lókè, eèrí rẹ̀ ni wọ́n dà sọ́dọ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀ yìí dáa fún àwòrán, kì í ṣe fún eegun.” Ó gbé ọwọ́ padà sábẹ́ aṣọ. “Títí dìgbà wo la ó wà níbí?”

Nezu ò lè wo ojú rẹ̀. Ó mọ ìdáhùn. Igbákejì Gómìnà ń bọ̀ wá ṣí yàrá abẹ́ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Bó bá ti ṣí i, ó ti di ohun ìjọba. Wọn ó kan orúkọ Alága mọ́ ẹnu ọ̀nà Yàrá Gúúsù, àwọn àgbàlagbà ò sì ní jáde lábẹ́ ilẹ̀ mọ́ àfi tí wọ́n bá ń lọ sábẹ́ ilẹ̀ mìíràn. Ẹnu Igbákejì Gómìnà yìí kan náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú ń wò kí wọ́n tó fa Alága kalẹ̀ fún sáà kejì. Okùn kan ṣoṣo, nǹkan méjì ló so mọ́ ọn.

Bí ọjọ́ ti ń sún mọ́, òjò dídì ò dá. Hanyu ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ rán ọmọláńgidi aṣọ funfun olórí róbótó, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń so mọ́ fèrèsé kí òjò má baà rọ̀. Wọ́n so ó jáǹtìrẹrẹ. Èyí tó tóbi jù ní irunmú Alága. Ilé ìlú wá dà bí ibi tí wọ́n ti yẹgi fún odindi ìdílé kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, nítorí ọmọláńgidi náà jẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìṣílé, ojú ọ̀run Kurotani mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, oòrùn sì yọ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, èyí tí wọn ò rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí ewé ti rẹ̀.

Alága wọ yàrá gbohùngbohùn, ó wú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí oòrùn náà.

“Nezu, ohùn mi dà?”

“Èwo nínú wọn, Alága?”

“Èyí tó bá ọjọ́ mu. Mo fẹ́ kí Igbákejì Gómìnà sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, kó gbọ́ mi lójú ọ̀run.”

Nezu tẹríba. “Alága, ti oòrùn ló bá ọjọ́ mu. Ṣùgbọ́n nínú ti oòrùn, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ nípa àwọn…”

“Nezu. Ta ni Alága?”

“Ẹ̀yin ni, Alága.”

“Tẹ̀ ẹ́. Kó máa wí léraléra títí àlejò á fi lọ.”

Nezu dúró síbẹ̀. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ká tiẹ̀ ní ààbọ̀ ni. Ó ro ti òfin rẹ̀, ó ro ti orúnkún kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó ṣe, bó ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí. Àwọn tó rí i ní ìka rẹ̀ ò gbọ̀n.

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ kún. Alága ti pín awò dúdú fún gbogbo àlejò, ó ní ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ lè ba ẹyinjú jẹ́. Igbákejì Gómìnà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí orí rẹ̀ pá, wọ tirẹ̀, ó jókòó, ó wá dà bí afọ́jú tó wá kí ẹbí. Àwọn àgbàlagbà wà lẹ́yìn, aṣọ ìnuwọ́ gbígbóná lórí orúnkún wọn.

“Ẹ pa iná mànàmáná,” Alága wí. Wọ́n pa á. Ìmọ́lẹ̀ tú jáde lẹ́nu okùn, róbótó, funfun, ó sì lẹ́wà. Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀. Ká ní Alága dákẹ́ níbẹ̀ yẹn ni, kó kàn ní ẹ ṣeun, ẹ máa bọ̀ wá mu sakí, ọtí ìrẹsì, bóyá òun ni ìbá ṣì wà lórí àga títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ́ Todoroki, báwo ni yóò ṣe dákẹ́?

“Igbákejì Gómìnà wa ọ̀wọ́n,” ló bẹ̀rẹ̀. “Àwọn ọba àtijọ́ kọ́ odi, odi wó. Wọ́n gbẹ́ kànga, kànga gbẹ. Èmi, ìránṣẹ́ yín tí kò jámọ́ nǹkan kan, mo bá oòrùn sọ̀rọ̀, oòrùn sì gbọ́.”

Ìmọ́lẹ̀ dín díẹ̀.

“Ẹ wò ó bó ti ń ràn,” Alága wí.

“Ó ń ràn gidigidi,” Hanyu dáhùn.

“Ní ọjọ́ iwájú, àwọn ọmọ wa yóò béèrè pé ta ló mú ọ̀sán wọ abẹ́ ilẹ̀?”

Ìmọ́lẹ̀ tún dín. Gbólóhùn kan, ó dín díẹ̀. Gbólóhùn míì, ó dín sí i. Àwọn àlejò rò pé awò dúdú ojú wọn ló fà á, ojú sì ń ti oníkálukú láti kọ́kọ́ bọ́ ọ. Hanyu ti bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. “Alága,” ló ń ké, “ìmọ́lẹ̀ yìí fẹ́ fọ́ mi lójú.” Ní àkókò yẹn, ká sọ tòótọ́, ẹ ò lè rí imú ara yín.

Ó ṣókùnkùn biribiri. Alága ò dúró. Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kù nínú òkùnkùn bí ìgbà tí àrá bá há sínú ìkòkò.

Láti ẹ̀yìn, ohùn Màmá Ikue jáde wẹ́rẹ́. “Alága, ẹ dákun, ṣé ìmọ́lẹ̀ náà ti dé àbí ó ṣì ń bọ̀? Mo fẹ́ mọ ìgbà tí n ó pàtẹ́wọ́.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan. Alága rí i pé nǹkan ti bàjẹ́, ó sì ṣe ohun tí ọmọ ibẹ̀ èyíkéyìí máa ń ṣe tí nǹkan bá bàjẹ́: ó kọjú sí ibi tí Igbákejì Gómìnà wà, ó tẹríba wọlẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Igbákejì Gómìnà gbọ́ ìró aṣọ tó ń tẹ̀, ó mọ̀ pé wọ́n ń tẹríba fún òun. Òun náà ọmọ ibẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bá tẹríba fún gbọ́dọ̀ dá a padà, òkùnkùn kì í ṣe àwáwí. Òun náà dìde, ó tẹríba.

Orí méjì pàdé. Gbì.

Nígbà tí wọ́n tanná, àwọn méjèèjì ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n kọjú síra, wọ́n di iwájú orí mú, wọ́n ṣì ń bẹ ara wọn.

Gbogbo wọn gun òkè lọ. Nígbà tí Alága ṣí ilẹ̀kùn òrùlé, oòrùn gbá a lójú, lẹ́yìn náà ló rí i. Fútọ́n. Fútọ́n olódòdó, fútọ́n aláwọ̀ ojú ọ̀run, fútọ́n ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ya ehoro sí. Gbogbo ìyàwó ilé ìlú ti fi fútọ́n kọ́ irin wúrà yẹn yí ká, wọ́n ń lù ú pò, pò, pò. Oòrùn ìgbà òtútù kì í gòkè púpọ̀. Ohun tó bá ga dé àyà ti tó láti dínà mọ́ ọn. Lórí igbá dígí fúnra rẹ̀, fútọ́n kan tó tóbi ju gbogbo wọn lọ wà níbẹ̀, òdòdó àmì ìdílé Todoroki ló sì wà láàárín rẹ̀.

“Ta ló ní kí ẹ ṣe èyí?” Alága ké.

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Èyí tó dáhùn ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá dígí, igi pẹlẹbẹ lọ́wọ́, Ìyáàfin Todoroki fúnra rẹ̀.

“Ẹ̀yin ni,” ló wí.

“Èmi?”

Òpó ọ̀nà ìlú bá a dáhùn. Láti gbogbo kọ̀rọ̀ Kurotani, láti etíkun dé ẹsẹ̀ òkè, ohùn ńlá kan kù jáde: “Ẹ̀yin ará ìlú mi, oòrùn ti yọ. Ẹ má jáfara. Ẹ gbé fútọ́n yín jáde, ẹ sá a, ẹ lù ú dáadáa. Èmi Alága yín ni mo wí bẹ́ẹ̀.”

“Láti àárọ̀ lẹ ti ń wí i,” ìyàwó rẹ̀ wí. “Mo kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ ṣe súúrù. Ẹ tún wí i. Ẹ tún wí i. Ìyá Sasao, aládùúgbò wa, ní àṣẹ pàtàkì ni, pé ẹ ò tiẹ̀ mí. Bàbá, ohùn yín ń bẹ nínú ilé, ohùn yín ń bẹ lójú ọ̀nà. Èwo nínú rẹ̀ ló yẹ kí n ṣàìgbọràn sí?”

Alága fò mọ́ fútọ́n ara rẹ̀, ó fẹ́ fà á wálẹ̀. Fútọ́n tó ti mu oòrùn máa ń wú. Ó wó lé e lórí, ó bò ó tán, ó wá ku bàtà rẹ̀ nìkan tó ń tàpá níta. Oníwèé ìròyìn tó wá ya ìmọ́lẹ̀ kò kúkú fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ya bàtà.

Nígbà tí wọ́n fa Alága yọ, òwú lórí, kókó níwájú orí, ó tún ara rẹ̀ ṣe, ó ní, “Igbákejì Gómìnà, nípa ti sáà kejì…”

Igbákejì Gómìnà, tí kókó tirẹ̀ náà ti ń yọ, rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tẹríba, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wọn àyè láàárín wọn.

“Alága Todoroki, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára,” ló wí. “A ó gbé e yẹ̀ wò, pẹ̀lú ojú tó kọjú síwájú.”

Pò, pò, pò dáwọ́ dúró. Gbogbo orí òrùlé gbọ́. Hanyu rọra ká áńkáṣíìfù rẹ̀, ó gbé e sí àpò, ó sì sún sẹ́yìn, bí ènìyàn ti ń kúrò lẹ́bàá ilé tó ń jó. Nezu nìkan ló dúró síbi tó wà, ó tẹríba, ẹnì kankan ò sì rí bí ojú rẹ̀ ti rí, nítorí ìdí tí ènìyàn fi ń tẹríba náà nìyẹn.

Ẹgbẹ́ fa ẹlòmíì kalẹ̀. Ìwé ìròyìn gbé bàtà jáde. Alága pe àwọn oníròyìn, ó tẹríba fún ìlú lọ́sàn-án gangan níbi tí iná wà, kò sẹ́ni tó dá a padà. Alága tuntun dá orin kékeré ìrọ̀lẹ́ padà sórí òpó, ó sì dá Yàrá Gúúsù padà fún àwọn àgbàlagbà. Ẹ má rò pé ó fẹ́ràn àgbà ju Todoroki lọ o. Ó kàn mọ̀ pé nínú àwọn tó ń dìbò ní Kurotani, àgbà ló pọ̀ jù. Nígbà tó ń ka ìkéde náà, Hanyu sunkún. Áńkáṣíìfù kan náà ni.

Ìmọ́lẹ̀ inú okùn ṣì ń tàn lábẹ́ ilẹ̀. Àwòrán ìlú àtijọ́ ni wọ́n kó síbẹ̀ báyìí, Tatebe sì ní ibi tó yẹ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwòrán ò ní orúnkún.

Nezu fúnra rẹ̀ ló gbé tìmùtìmù Màmá Ikue padà sókè. Ó tẹ́ ẹ síbi tó ti wà, ìyá náà jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó sì pa ojú dé.

“Koichi, ṣé o sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?”

“Mo sọ ọ́, Màmá.”

“Ẹ̀ẹ̀mélòó?”

“Ẹ̀ẹ̀kan.”

Màmá Ikue ò ṣí ojú. “Ọmọ dáadáa,” ló wí, ó sì fún un ní ọsàn kan.

Ọdún yí po. Òtútù tún dé, oòrùn tún sá lọ. Ó wá di ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run là díẹ̀, ìlà oòrùn kan tẹ́ẹ́rẹ́ sì gba fèrèsé wọlé sí Yàrá Gúúsù. Wọ́n ti há gádígádí síbẹ̀, orúnkún mọ́ orúnkún. Ilẹ̀kùn rọra ṣí. Ọkùnrin kan dúró níbẹ̀, ó ti bọ́ bàtà, ó di ọwọ́ mú lẹ́yìn, irunmú rẹ̀ ti funfun. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí wọn ò gbọ́ kó kù.

“Ẹ kú oòrùn o,” Todoroki wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti èèyàn kan ṣoṣo lọ. “Ilé wa kọjú sí àríwá. Orúnkún mi náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè ṣì kù níbẹ̀?”

Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ Màmá Ikue. Ó bó ọsàn rẹ̀ tán, ó yọ okùn funfun ara rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ìlà oòrùn tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì fẹ̀ ju tìmùtìmù kan lọ.

“A ó gbé e yẹ̀ wò,” ló wí.

Ìwọ tó ń kà á yìí, ká ní ìwọ lo jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣé wàá sún fún un?